Àpò Tí Abiyamọ Yóò Gbé Rin Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin aya wa àti ẹ̀yin ìyá ọmọ, nígbà tí ìsinmi bá ń kanlẹ̀kùn, tí ẹ̀yin àti bàbá ọmọ yín bá ń rò ó pé ibo ni ẹ óò kó àwọn ọmọ lọ, ẹ má ṣe fo Ilé-Ifẹ̀ dá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá lọ sí Ìléṣà tàbí Àkúrẹ́ láìmọye ìgbà, tí a kò sì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ìlú tí gbogbo wa ń pè ní orírun ni. Láti Ìbàdàn, kò ju nǹkan bí kìlómítà 80 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ìlú ẹlẹ́sẹ̀ ni Ifẹ̀. Àwọn ohun tí ó yẹ ní wíwò níbẹ̀ kò jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ óò fi máa wọ ọkọ̀ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, wọn kò sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ óò fi wò wọ́n tán láìláàgùn. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú aṣọ tí ẹ óò wọ̀, ẹ kọ́kọ́ ronú ohun tí ẹ óò fi gbé ẹrù.

Ẹ wo bí ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe lè rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni. Ẹ̀gbẹ́ ààfin ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní 1954 wà. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, níbi tí àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní 1938 ti kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn títí di òní. Láti ibẹ̀ ẹ lè rìn dé Mọ̀pà kí ẹ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tí ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18, tí a kan ìṣó irin mọ́ lára. Àwọn ọmọ yín yóò fẹ́ ka àwọn ìṣó náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á. Ẹ kò sì ní ṣàì dúró lẹ́sẹ̀ ère Mọrèmi tí a ṣí ní 2016, èyí tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, nítorí bí obìnrin kan bá wà tí ó yẹ kí àwọn abiyamọ lọ wò lójú, òun ni. Bí agbára bá sì kù, ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń bẹ níwájú, èyí tí ó ti wà nílẹ̀ Ifẹ̀ láti 1967, tí a sì fi orúkọ tí ó ń jẹ́ báyìí pè ní 1987. Àwọn òkè tí ó yí i ká ṣú dùdù fún igbó, ọ̀nà ibẹ̀ sì gùn.

Èyí tí ó ń ṣe mí ní kàyééfì ni bí àwọn arìnrìn-àjò wa ṣe ń múra sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró ní Ẹnuwá ní ọjọ́ ìsinmi kan kí ẹ máa wò. Ìyá yóò pọn ọmọ, yóò fi báàgì ọwọ́ kọ́ igbá-apá, yóò di ọ̀rá oúnjẹ àti ìlédìí mú ní ọwọ́ kan, yóò sì fi ìka méjì tí ó kù fa ọmọ tí ó ti lè rìn. Bàbá a sì wà níwájú, kọ́kọ́rọ́ àti fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbé Ghana Must Go, àpò tí ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dún 1983 nígbà tí ìjọba lé àwọn ará Gánà lọ sílé. Àpò ìkẹ́rùkúrò-nílé ni èyíinì. Ẹni tí ó bá gbé e rìn ní ibùsọ̀ kan yóò mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe ìkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń gun òkè láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé: ẹrù tí ènìyàn yóò gbé kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Obìnrin tí ó bá wọn kílò 60 kò gbọdọ̀ gbé ju kílò 12 lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó pé ọdún kan sì máa ń wọn nǹkan bí kílò 9 sí 10. Bí ẹ bá ti pọ̀n ọ́n báyìí, kílò 2 ni ó kù fún yín ní gbogbo ayé. Omi inú ọ̀rá kan, èyí tí ó jẹ́ ìdajì lítà, wọn ìdajì kílò. Mẹ́rin péré, ọ̀rọ̀ parí. Ìlédìí kò tíì sí níbẹ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kò tíì sí níbẹ̀, agboòrùn náà kò sí.

Wàyí o, ẹ wọ inú ọjà lọ, ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn àpò kánfáàsì ńláńlá tí a fi awọ àti irin ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sórí òṣùwọ̀n láìtíì fi ohunkóhun sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò wọn kílò 2, òmíràn yóò tó 3. Àpò náà ti jẹ gbogbo ẹ̀tọ́ yín tán ní òfìfo. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àpò ni a ń rà kẹ́yìn, kì í ṣe òun ni a ń kọ́kọ́ rà. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ gbé jọ sórí ibùsùn ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ yọ èyí tí ẹ kò ní lò kúrò, ẹ wọn èyí tí ó kù, nígbà náà ni ẹ óò tó mọ irú àpò tí ó gbà á. Ẹni tí ó bá ra àpò ńlá tẹ́lẹ̀ yóò wá ohun tí yóò fi kún un ni, nítorí obìnrin kì í fẹ́ rí àyè ṣófo nínú àpò.

Àpò tí mo ń wí ni èyí tí a ń pọ̀n sẹ́yìn, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ṣùgbọ́n tí a ṣe fún ìrìn gígùn. Kí a máa pè é ní àpò ẹ̀yìn. Ẹ má rò pé ohun àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin nìkan ni. Kò sí ẹni tí ó mọ bí àpò ẹ̀yìn ṣe ń ṣiṣẹ́ ju obìnrin tí ó ti lo ọ̀já lọ.

Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa. Bí o bá gbé ọmọ sẹ́yìn, ìwọ yóò tẹ̀ síwájú, ìwọ yóò gbé e sókè kí ìdí rẹ̀ má baà rọ̀ sílẹ̀, ìwọ yóò fi aṣọ wé e, lẹ́yìn náà ni ìwọ yóò fi ọ̀já gbá a mọ́ra nísàlẹ̀ ìdí rẹ̀ kí o tó so ó níwájú. Ìbàdí ni ìwúwo ọmọ jókòó lé. Èjìká kò gbé nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ìyá fi lè pọn ọmọ rìn lọ sóko kí ó tún máa fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́. Bí ọ̀já bá tú, tí ọmọ bá yọ̀ sísàlẹ̀ tí ó sì jìnnà sí ẹ̀yìn, kíá ni ọmọ kan náà tí kò fi gíráàmù kan sanra sí i yóò di ẹrù tí ń fa ènìyàn sẹ́yìn. Gbogbo ọgbọ́n tí ó wà nínú àpò ẹ̀yìn kò ju èyí lọ. Àpò tí ó dára ní ìgbànú tí ó gbòòrò, tí a fi fóòmù sí nínú, tí a ń dì mọ́ orí eegun ìbàdí. Ìgbànú yìí ni ọ̀já rẹ̀. Òun ni yóò gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù, tí okùn èjìká yóò sì kàn máa di àpò mọ́ ẹ̀yìn kí ó má baà ṣubú. Àpò tí kò ní ìgbànú bẹ́ẹ̀ yóò gbé gbogbo ìwúwo ka èjìká; kò sì ní pẹ́ tí ọrùn yóò fi máa ro yín, tí ìka ọwọ́ yóò sì máa kú tipiri.

Bí ìgbànú yóò bá bọ́ sórí ìbàdí gan-an, àpò gbọ́dọ̀ bá gígùn ẹ̀yìn yín mu. Mo ní gígùn ẹ̀yìn, n kò ní gíga. Obìnrin méjì lè ga bákan náà kí ọ̀kan gùn lẹ́sẹ̀, kí èkejì sì gùn lẹ́yìn. Ẹ wá tépù aránṣọ. Ẹ tẹ orí síwájú, ẹ fi ọwọ́ kan eegun tí ó yọ jùlọ ní ìpìlẹ̀ ọrùn. Ibẹ̀ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí bí ẹni tí ń bínú sí aládùúgbò, kí àtàǹpàkò méjèèjì kọjú sí ẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n bá tọ́ka sí lórí ọ̀pá ẹ̀yìn ni ẹ óò parí sí. Kí ẹlòmíràn bá yín wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ẹ bá ń ra àpò, ẹ wọn àpò náà láti ibi tí okùn èjìká ti bẹ̀rẹ̀ títí dé àárín ìgbànú, kí ẹ sì fi wé ti yín. Ọ̀pọ̀ àpò tí ó kún àwọn òkìtì àlòkù inú ọjà ni a ṣe fún ọkùnrin gíga. Bí ọkọ yín bá gbé e tí ó sì bá a mu, kò túmọ̀ sí pé yóò bá yín mu.

Àwọn àpò kan ní egungun, ìyẹn ọ̀pá irin tín-ín-rín tàbí pátákó ike tí a fi sí ẹ̀yìn wọn kí wọ́n lè dúró ṣánṣán. Àwọn yìí dára fún ẹrù tí ó wúwo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá ju kílò 8 lọ kò nílò egungun kankan, àpò aláìlégungun a sì máa fúyẹ́ ju ìdajì lọ. A rí èyí tí kò tó kílò kan. Ohun tí yóò rọ́pò egungun ni ìró kan tàbí aṣọ ìbora ọmọ tí ẹ ká dáadáa, tí ẹ sì tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpò tí yóò kan ẹ̀yìn yín. Omi ni kí ẹ kó tẹ̀ lé e, kí ó sún mọ́ ẹ̀yìn pẹ́kípẹ́kí. Ìlédìí àti aṣọ fífúyẹ́ ni kí ó wà lójúde. Ẹ tún rántí bí ọmọ ṣe ń wúwo bí ó bá jìnnà sí ẹ̀yìn.

Ní ti òjò, ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Ìtàn sọ fún wa pé Lúwoò, obìnrin tí ó jọba ní Ifẹ̀, kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, ni ó fi ní kí a to àpáàdì sórí ilẹ̀ ìlú. Ẹ lè rí àwọn àpáàdì náà títí di ìsinsìnyí, tí a tò wọ́n lóòró ní ẹsẹẹsẹ bí eyín. N kò lè ṣàì fẹ́ràn obìnrin náà. Àwa tí kò sí àpáàdì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, kí a ra àpò náílọ́ọ̀nù, kí a fi kánfáàsì sílẹ̀, nítorí kánfáàsì a máa mu omi, ohun tí ó bá sì ti mu omi ti di méjì. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ àpò nìkan, torí omi a máa gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Ọ̀rá ńlá kan tí kò lu, tí ẹ fi sínú àpò kí ẹ tó kó ẹrù sí i, tí ẹ sì lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ju gbogbo ìbòrí olówó iyebíye lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú. Àpò ẹ̀yìn máa ń ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ń so okùn èjìká méjèèjì pọ̀ láyà. Bí ó bá fún yín lọ́mú fún wákàtí púpọ̀, ó lè dí ọ̀nà wàrà, ọmú yóò sì le, yóò máa dunni, ó tilẹ̀ lè di ibà. Ẹ wo àpò tí okùn àyà rẹ̀ ṣe é fà sókè dé òkè ọmú, tàbí kí ẹ má ṣe dì í rárá. Kí okùn èjìká náà sì tẹ̀ kọrọdọ kí ó lè gba ẹ̀gbẹ́ ọmú kọjá. Èyí tí ó tọ́ gbọnrangandan yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, kí ló dé tí a kò gbé ẹrù lórí, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa? Òṣùká kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ní 1986, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà: wọ́n ní àwọn obìnrin náà lè ru ẹrù tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn kí agbára tí wọ́n ń lò má sì fi nǹkan kan pọ̀ sí i. Àwọn tí ó ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn obìnrin Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà, tí tiwọn jáde ní 2010, kò rí irú èrè yẹn, ọrùn dídùn sì wà lára ohun tí àwọn obìnrin ròyìn fún wọn. Lójú tèmi, láti kékeré ni a ti ń kọ́ orí ní ẹrù rírù. Ẹni tí kò ru igbá rí láti ìgbà ọmọdé kò gbọdọ̀ fi àtẹ̀gùn òkè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìrìn gígùn kò tọ́ sí ìyá ọlọ́mọ. Ní oṣù karùn-ún 1955, ìyá àgbà kan ní Amẹ́ríkà, Emma Gatewood, ẹni ọdún 67 tí ó ti bí ọmọ 11, sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ń lọ rìn díẹ̀. Ó wá rin ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail láti ìpínlẹ̀ Georgia títí dé ìpínlẹ̀ Maine, ó lé ní máìlì 2,000, òun nìkan, ó sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Kò sí obìnrin tí ó dá a rìn tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àpò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán láti ara aṣọ jíìnsì ni ó gbé kọ́ èjìká kan. Kò gbé àgọ́. Aṣọ ìbora kan, àti aṣọ ìkélé balùwẹ̀ tí ó fi ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ òjò ni ó wà nínú rẹ̀. Àpò náà fúnra rẹ̀ kò dára púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti wí nípa èjìká. Ẹrù inú rẹ̀ ni ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká kan fi lè gbé e. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1992, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ray Jardine, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Jenny ti fi ẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ààlà Mẹ́síkò dé ẹnu ààlà Kánádà, tẹ ìwé jáde tí ó yí àwọn arìnrìn-ẹsẹ̀ lọ́kàn padà sí ẹrù fífúyẹ́. Àpò aláìlégungun tí a fọwọ́ rán nílé ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìránṣọ nílé kò ní láti náwó púpọ̀: náílọ́ọ̀nù agboòrùn tí ó ti kán, fóòmù díẹ̀, ìgbànú tí ó gbòòrò tó ọwọ́ mẹ́rin, kí ẹ sì rán ibi tí okùn ti wọ ara àpò ní àrántúnrán.

Bí ẹ bá ti rin Ifẹ̀ tán, ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ kejì gba Ìléṣà, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ, kọjá sí Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé Akínlà, obìnrin kan láti ìran Odùduwà, ni ó rí ìtàkìtì omi tí a ń pè ní Olúmirìn nígbà tí wọ́n ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀ láti wá tẹ̀dó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wá, ẹrù wọn sì ń bẹ lára wọn. Ìpele méje ni omi náà ní. Àtẹ̀gùn wà dé ìpele kìn-ín-ní, gbogbo ìdílé ló sì lè dé ibẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, òkúta a máa yọ̀, gbòǹgbò igi ni ẹ óò sì máa dì mú. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo.

Ibí ni ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín tọkọtaya ti dé. Ìyá tí ó pọn ọmọ kò lè tún pọn àpò, ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un. Nítorí náà bàbá ni yóò gbé àpò ẹ̀yìn, a ó sì wọ̀n ọ́n mọ́ ẹ̀yìn bàbá. Ìyá yóò so àpò kékeré kan mọ́ ìbàdí níwájú, níbi tí ìlédìí kan, omi ọ̀rá kan àti owó yóò wà. Bí ọmọ bá wúwo jù, kí wọ́n pààrọ̀ ní ìpele kejì: kí bàbá pọn ọmọ, kí ìyá gba àpò. Ẹ sọ èyí fún un nílé, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè kí ẹ tó sọ ọ́, àwọn èrò yóò ti máa wò yín, ojú yóò sì tì í láti pọn ọmọ.

Ṣáájú gbogbo èyí, ẹ dán àpò wò nílé. Ẹ kó omi ọ̀rá mẹ́wàá sínú rẹ̀, ìyẹn kílò 5, ẹ di ìgbànú mọ́ ìbàdí, kí ẹ sì tú okùn èjìká díẹ̀. Bí àpò kò bá yọ̀ sísàlẹ̀, ó jókòó dáadáa. Ẹ gbé e rìn lọ sọ́jà kí ẹ sì gbé e padà. Bí ẹ bá dé ilé tí ibì kan pọ́n lára yín, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó má baà sọ pé ẹ ti lò ó.